Màmá Rúùtù àti Íńkì Tó Sùn

Ìwé ìkéde ìkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri láti ojúde ilé wa ní Okitipupa títí dé Erinje fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Orúkọ ọmọ mẹ́rin wà lára rẹ̀ pẹ̀lú oyè ẹ̀kọ́ wọn. Orúkọ àwọn àna wà níbẹ̀. Orúkọ ìlú òkèèrè tí àbúrò ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀ bákan náà, bí ẹni pé ìlú náà ni ó kú. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni orúkọ òkú. “Màmá Olùkọ́” ni wọ́n kọ, gàdàgbà, lábẹ́ àwòrán obìnrin tí kò fìgbà kan kọ́ ẹnikẹ́ni ní ABD rí. Olùkọ́ ni ìyá mi. Ẹni tí ó kú ni ìyá tí ó bí Olùkọ́.

Mo dúró níwájú ìwé náà títí ẹni tí ó lẹ̀ ẹ́ fi bi mí bóyá ó wọ́. Mo ní kò wọ́, irọ́ ni ó ń pa.

N kò kọ ìrántí yìí láti sunkún. Obìnrin náà gbó, ó ń jẹun yó títí dé ọjọ́ ìkẹyìn, ó sì bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kú gan-an. Mo kọ ọ́ nítorí pé ó ti ja ìjà orúkọ yìí fúnra rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ó sì borí. Kò bójú mu kí a dúró kí ó kú kí a tó gba ohun tí ó jà fún padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo wa nínú ilé ń pè é ní Ìyé, bí a ṣe ń pe ìyá nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Kò bá wa jà lórí ìyẹn. Ó ní àwa jáde láti ara òun, a lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àwọn ará ìta ni ó gbógun tì. Nínú ìjọ wa, ìyá ọmọ ni a ń fi orúkọ ọmọ pè, ọ̀wọ̀ ni gbogbo ènìyàn sì kà á sí. Ní ọjọ́ ìkórè kan, akọ̀wé ìjọ dúró níwájú, ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó sì pe Màmá Olùkọ́ kí ó wá dúpẹ́. Ìyé jókòó. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ìyé tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

“Ìyé, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè.”

“Ìwọ ni Olùkọ́. Bí wọ́n bá ń wá ìyá rẹ, kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.”

“Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, Ìyé. Ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wò wá.”

“Kí wọ́n fi Màmá ṣáájú. N ò ní kí ọmọdé máa pè mí ní ṣákálá. Ṣùgbọ́n èyí tó kù, tèmi ni.”

Akọ̀wé náà wá bá ìyá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó padà sí iwájú, ó wúkọ́, ó sì pe Màmá Rúùtù. Ìyé dìde bí ọmọ ogún ọdún, ó jó láti ìjókòó rẹ̀ dé iwájú pẹpẹ, ó sì jó padà. Nígbà tí ó jókòó, ó tẹ ẹnu mọ́ etí ìyá mi, àmọ́ ohùn rẹ̀ dé ìjókòó kẹta lẹ́yìn wa: “Ẹni tí wọ́n pè nígbà àkọ́kọ́ yẹn, kò wá lónìí.”

Iṣẹ́ epo pupa ni ó ṣe jẹ ní Erinje kí ó tó wá bá wa gbé. Àwọn tí ó ń ra epo nínú kẹ́ẹ̀gì láì mọ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é máa ń sọ pé epo ni gbogbo epo, mo sì ti rí i tí ó lé oníbàárà méjì jáde nítorí gbólóhùn yẹn. Ó máa ń fi ìka kan epo sí ẹ̀yìn ọwọ́, á lá a, á sì sọ fún ọ bóyá ẹyìn náà pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó sè é, bóyá ẹni tí ó sè é kánjú, bóyá omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ó korira ìkánjú ju olè lọ. Bí ọyẹ́ bá mú tí epo sì dì ní ẹnu kẹ́ẹ̀gì, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ á fẹ́ ti igi bọ̀ ọ́. Á gba igi náà. Á rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, á wé e mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì, á sì jókòó tì í bí ẹni tí ó ń ṣọ́ ọmọ. Gbólóhùn kan náà ni ó máa ń sọ fún wọn: “Kò kú. Ó sùn ni. Ṣé igi ni wọ́n fi ń jí ìwọ lójú oorun?”

Èmi tí mo ń kọ èyí gbọ́ gbólóhùn náà láti kékeré, ó wọ etí ọ̀tún, ó sì gba etí òsì jáde. Mo lọ sí yunifásítì. Mo kọ́ bí a ṣe ń já iṣẹ́ ẹlòmíràn kulẹ̀ lójú ìwé mẹ́ta. Ní ọdún tí mo yẹ kí n jáde, ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1990, mo yan àwọn obìnrin tí ń ṣe epo nílẹ̀ Ìkálẹ̀ fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi, nítorí pé inú ń bí mi sí gbogbo ìwé ìtàn tí ó ka àgbá epo tí ó wọ ọkọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe epo inú rẹ̀. Ìyé ni mo bi léèrè jù. Ó sọ̀rọ̀ fún mi ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì ń fi ọwọ́ hàn mí bí wọ́n ṣe ń pọn epo lójú omi.

Lẹ́yìn náà ni àwọn olùkọ́ wa daṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù ń gorí oṣù, mo wà nílé. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí àbúrò ìyá mi rà fún ìyá mi, kí ó lè máa fi tẹ ìbéèrè ìdánwò fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, wà lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, lábẹ́ aṣọ tí a fi okùn hun. Ẹnikẹ́ni kò tẹ ohunkóhun jáde sórí bébà. Ọyẹ́ ọdún náà le, ó gba inú fèrèsé wọlé, ó gba ojú aṣọ náà kọjá.

Bí ìdaṣẹ́sílẹ̀ ṣe parí lójijì, wọ́n ní kí a mú àpilẹ̀kọ wa wá ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a padà wá lo ọdún mìíràn. Ọjọ́bọ̀ ni ìròyìn dé ọ̀dọ̀ mi. Gbogbo iṣẹ́ náà wà nínú kọ̀ǹpútà, ojú ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo fi bébà sí i. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó sì bí bébà funfun. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìlà mẹ́ta bíi irun ológbò ni ó jáde.

Ìyá mi ránṣẹ́ pe ọ̀gbẹ́ni kan tí ó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹńjíníà. Ó dé, ó yọ kátíríìjì dúdú, ìyẹn ike kékeré tí íńkì wà nínú rẹ̀, ó fi han oòrùn, ó sì mì ín sétí bí ẹni tí ó ń wò bóyá àgbọn ní omi. Ó fi ìka kan abẹ́ rẹ̀, níbi tí ihò wà tí íńkì ń gbà jáde, ihò tí ó kéré débi pé ojú lásán kò rí i.

“Olùkọ́, ó ti kú,” ni ó wí. “Ẹ ra òmíràn.”

“Níbo ni wọ́n ti ń tà á?”

“Èkó.”

Kò sí epo bẹntiróòlù ní ìlú ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọkọ̀ tí yóò lọ Èkó lónìí kò ṣèlérí ọjọ́ tí yóò padà. Àwọn tí ń tẹ̀wé fúnni nínú ọjà ní àwọn yóò fi tàípù tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹńjíníà gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Títí di òní ni inú ń bí mi sí ìran àwọn oníṣẹ́ tí ó máa ń kéde ikú kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ṣùgbọ́n kí n sọ òtítọ́, nítorí mo máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn: òun kọ́ ni ó pa á. Èmi ni. Mo mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ ìyá mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí gún ihò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìgún kẹrin, ohun kan fọ́ nínú, íńkì sì tú yàà sára aṣọ tábìlì, sára búláòsì mi, sára ojú ìwé ìwádìí mi.

Ìyé ń fọ́ ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo abẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

“Alákọ̀wé! Igi náà ni o tì bọ̀ ọ́ yẹn!”

“Ìyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún kan ni mo fẹ́ pàdánù yìí.”

“Ó ku mélòó?”

Ó ku ẹyọ kan, aláwọ̀ mẹ́ta: yẹ́lò, pupa àti búlúù nínú ike kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ wa kì í gba ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá yọ dúdú tí a fi aláwọ̀ sí i, á po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti fi wá nǹkan tí ó jọ dúdú. Òun náà ti dí pa.

“Gbé e wá,” ni Ìyé wí. Mo gbé e fún un. Ó fi sí orí itan rẹ̀, ó sì fi aṣọ bò ó. “Mo gbọ́ nígbà tí o ń ka ìwé rẹ sókè fún ìyá rẹ. ‘Arúgbó kan ní Erinje sọ pé.’ ‘Arúgbó kan náà tún ṣàlàyé.’ Ta ni arúgbó kan?”

Mo ṣàlàyé pé ìlànà ìwádìí ni, pé a kì í dárúkọ ẹni tí ó bá wa sọ̀rọ̀, kí a má bàa kó bá a.

“Kí lo fẹ́ kó bá mi? Ṣé mo jí epo ni?”

“Ìlànà ni, Ìyé.”

“Àwọn ọkùnrin tó kọ ìwé tó ń bí ẹ nínú, ṣé o kọ orúkọ tiwọn síbẹ̀?”

Mo ti kọ orúkọ gbogbo wọn, pẹ̀lú ọdún àti ojú ìwé.

“Màá jí nǹkan yìí fún ẹ,” ni ó wí, ó tẹ ọwọ́ lé itan rẹ̀. “Ìwọ náà á kọ orúkọ mi. Kì í ṣe Màmá Olùkọ́ o. Orúkọ mi.”

Mo ní tí kò bá jí ńkọ́. Ó ní, “Wàá kọ ọ́ náà. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ náà, ìbáà jí, ìbáà sùn.”

Ohun tí ó ṣe tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí àwọn tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ yìí gbọ́. Kò fọwọ́ kan ẹyọ tí ó kù. Òkú tí mo pa ni ó kọ́kọ́ mú. Àdín ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí kò sí nǹkan tí ó le nílé wa tí a kì í fi àdín rọ̀: orúnkún, ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ìránṣọ, àyà ọmọ tí ó ń wúkọ́. Ó kán an sí ojú òkú náà, ó sì dúró. Àdín sá sí apá kan, íńkì sì dúró sí apá kejì. Ó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kan ibòmíràn lára rẹ̀. Íńkì yọ́ tẹ̀ lé omi lójú ẹsẹ̀. Ó wò ó dáadáa, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì wí pé: “Àdín kọ́. Mo ṣì í.”

Ọdún mẹ́rin ni mo lò ní yunifásítì. N kò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n kankan.

Ó se omi, ó jẹ́ kí ó tutù díẹ̀, ó dà á sí ọrùn ọwọ́ bí ẹni tí ó fẹ́ wẹ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ó wá aṣọ funfun tí kò ní já sí fọ́nrán, kò rí èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì wọ yàrá lọ fa yẹ̀rì rẹ̀ àtijọ́ ya. Ìyá mi pariwo pé, “Ìyé, yẹ̀rì!” Ó ní àwọn tí ó lè rí i kò sí láyé mọ́. Ó ṣẹ́ aṣọ náà po, ó tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ, ó fi omi rẹ ẹ́, ó sì gbé kátíríìjì náà dojú kọ ọ́, kí ó jẹ́ pé ojú ihò nìkan ni ó kan ọ̀rinrin. Kò tẹ̀ ẹ́. Kò mì ín. Ó ní kí n lọ yí orúkọ padà nínú ìwé mi nígbà tí ó ń sinmi.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kò sí nǹkan lára aṣọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó pààrọ̀ omi, ó pààrọ̀ aṣọ, àmì yẹ́lò kan sì yọ, kò ju èékánná lọ. Mo fẹ́ kí ó gbé e dé inú ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Ó gbá ọwọ́ mi. Ní ọ̀sán, pupa tẹ̀ lé e. Búlúù ni ó ya olóríkunkun. Ó bá a sọ̀rọ̀ lédè Ìkálẹ̀, ó bú u, ó bẹ̀ ẹ́, ó fi wé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kan tí kì í dìde àfi tí oúnjẹ bá délẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó pè mí síbi àwo náà. Ìlà mẹ́ta wà lára yẹ̀rì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yẹ́lò, pupa, búlúù, gbọrọ bí ìlà ojú.

“Ó ti jí,” ni ó wí. “Jẹ́ kí ó nujú ná.”

Ó gbé e sórí aṣọ gbígbẹ títí íńkì kò fi kán mọ́, kí ó tó jẹ́ kí n dá a padà sínú ẹ̀rọ. Ìyá mi dúró lẹ́yìn mi. Ó bi mí ojú ìwé wo ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀. Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ kí ó tó béèrè: bébà odidi kan, gbólóhùn kan ní àárín rẹ̀. Ẹ̀rọ náà rìn lọ, ó rìn bọ̀.

RÚÙTÙ ỌMỌ́TÁDÉ AKÍNYỌMÁDÉ, ALÁGBÁRA NÍNÚ IṢẸ́ EPO, ERINJE.

Kì í ṣe dúdú. Àwọ̀ ewé ewúro tí ó ti rọ ni. Ìyé gbé e síta sínú oòrùn, ó ka lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kíláàsì àwọn ìyá nínú ìjọ, ó sì ní kí n yọ “alágbára” kúrò. “Iṣẹ́ epo tó. Ẹni tó bá ti ṣe é rí á mọ èyí tó kù.” Bí ó ṣe fẹ́ dá bébà náà padà fún mi, ó fi ìka tí ó tutù kan etí orúkọ rẹ̀, íńkì sì fà. Mo kérora. Ó wo ìka rẹ̀ tí ó ti di àwọ̀ ewé, inú rẹ̀ sì dùn gan-an. “Wò ó,” ni ó wí. “Kò tíì fẹ́ sùn.”

Ibi mẹ́tàdínlógún ni “arúgbó kan” wà nínú iṣẹ́ mi. Mo yọ gbogbo rẹ̀. A tẹ̀wé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a tẹ̀wé ní ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, ìgbàkigbà tí iná bá dé. Pupa bẹ̀rẹ̀ sí tán ní orí kẹrin, nítorí náà bí àlàyé mi ṣe ń le sí i ni ó ń di ewé sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, olùkọ́ tí ó ń bójú tó iṣẹ́ mi ṣí i, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

“Kí ló dé tí ó fi jẹ́ àwọ̀ yìí?”

“Íńkì tí a jí ni, sà.”

“Ta sì ni Akínyọmádé? N kò mọ ìwé kankan tí ó kọ.”

“Ìyá ìyá mi ni, sà. Kò kọ ìwé. Epo ni ó ṣe.”

Ó ka ojú ìwé mẹ́fà níbẹ̀. Ó béèrè bóyá òótọ́ ni pé àwọn obìnrin náà ń fi ìtọ́wò mọ ọjọ́ tí wọ́n bẹ́ ẹyìn. Mo ní kí ó mú epo wá. Ó gba iṣẹ́ náà. Ó kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé èdè mi le jù. Ìyé ní kí n ka ìyẹn fún òun lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ rẹ́ sìmẹ́ńtì sórí ibojì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, birikilà mú bébà kan jáde láti àpò. Wọ́n ti kọ ọ́ fún un: Màmá Olùkọ́, ìyá rere, sùn re o. Ìyá mi ni ó kọ ọ́, nínú ìbànújẹ́ rẹ̀, bí àṣà ṣe rí. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ẹnu mi ti là. Ṣùgbọ́n ìyá mi wo bébà tí ó wà lọ́wọ́ tèmi, bébà àwọ̀ ewé tí mo ti fi pamọ́ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, pẹ̀lú ibi tí ìka Ìyé ti fa íńkì ní etí lẹ́tà ìkẹyìn orúkọ rẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì nà án sí birikilà.

“Èyí ni kí ẹ kọ,” ni ìyá mi wí. “Orúkọ rẹ̀ ni.”

Birikilà kúnlẹ̀, ó fi ṣóńṣó irin kọ ọ́ sínú sìmẹ́ńtì tútù. Ó dé ibi ìfà náà, ó gbójú sókè.

“Èyí ńkọ́? Ṣé àbàwọ́n ni, àbí kí n kọ ọ́ mọ́ ọn?”

Èmi àti ìyá mi dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé kí ó kọ ọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè bóyá kí òun fi “sùn re o” sí abẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ní kí òun ṣe. Ìyá mi ti ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń jáde lójú rẹ̀ bí ó ṣe máa ń jáde lójú Ìyé.

“Rárá,” ni ó wí. “Kò tíì fẹ́ sùn.”